Ọjọ́ Àáró Ìyàwó Ọmọ Mi

Ilé mẹ́rin la jọ ń ṣe àáró, obìnrin márùn-ún ló sì ń lọ sí oko. Bí a ṣe ń ṣe é kò le. Lónìí gbogbo wa á lọ sí oko tèmi, a ó ro ó tán. Nígbà tó bá tún yá, oko tìrẹ ni. A kì í san owó fúnra wa. Ẹni tó ni oko ló ń fún wa lóúnjẹ, ẹni tí o bá sì ti bá ṣiṣẹ́, ọjọ́ rẹ wà lọ́rùn rẹ̀ títí tí yóò fi wá ṣe é. Èmi ò lè ro oko mọ́, orúnkún mi méjèèjì ti lọ. Ìyàwó ọmọ mi ló ń dúró fún ilé wa. Èmi máa ń tẹ̀lé wọn láti dáná, torí gbogbo wọn ló mọ̀ pé tí mi ò bá sí níbẹ̀, ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ ni wọn yóò jẹ.

Ìyàwó ọmọ mi tí mò ń wí yìí ni ìyá ọmọ tó ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ọmọ mi tó fẹ́ ẹ ti kú, ọ̀kadà ló gbá a lójú ọ̀nà Àrámọkọ. Nígbà tí a sin ín tán, àwọn èèyàn rẹ̀ wá láti Ẹ̀fọ̀n pé kó máa bọ̀ nílé, ó ṣì kéré, yóò rí ọkọ mìíràn. Kò lọ. Ó ní, "Màámi, ta ni kí n fi yín sílẹ̀ fún?" Mo sọ fún ọmọ yìí pé bí ọwọ́ rẹ̀ bá wúwo, kó gbé bírò sílẹ̀. Ó ní kí n máa wí lọ.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jí èèyàn gbé lójú ọ̀nà oko, àwọn ọkùnrin ló kọ́kọ́ pa oko ọ̀nà jíjìn tì. Àwọn mìíràn lọ wa uṣu tí kò tíì gbó, wọ́n ní ó sàn ju kí ó gbó sílẹ̀ de ẹlòmíì. (Uṣu ni àwa ń pè é. Ọmọ yìí ní iṣu ni wọ́n ń kọ nílé ìwé. Kó kọ èyí tó wù ú láti ìsinsìnyí lọ.) Àwa obìnrin ò lè pa tiwa tì. Ibẹ̀ loúnjẹ wà. Tí a ò bá lọ, kí la ó gbé lọ sí ọjà Ìpótì, kí la ó sì fún àwọn ọmọ?

Ìyá Àgbẹ̀dẹ ló ní kí a fi ọ̀rọ̀ mìíràn kún àáró wa. Ọkọ rẹ̀ ló ń rọ irin, Ògún sì ni wọ́n ń sìn nílé wọn, láti ìgbà bàbá ọkọ rẹ̀. Ó pè wá jọ síwájú àgbẹ̀dẹ, ó fi àdá lélẹ̀. Ó ní a ó máa lọ pọ̀, a ó sì máa bọ̀ pọ̀. Ó ní bí ẹnì kan bá ké, gbogbo wa ni yóò sáré lọ bá a, pẹ̀lú ohun tó bá wà lọ́wọ́ wa. Ọkùnrin wo ló máa dúró de obìnrin tó ń bínú bọ̀ pẹ̀lú àdá àti ọkọ́? Ó ní kí a máa bẹ̀rẹ̀, kí a fi ahọ́n kan irin níkọ̀ọ̀kan.

Ìyàwó ọmọ mi ní, "Ẹ̀yin ìyá, ẹ tiẹ̀ fọ àdá yẹn ná. Òun ni bàbá alágbẹ̀dẹ fi pa ejò lánàá o."

A rẹ́rìn-ín. Ìyá Ìjọ, tó jẹ́ aṣáájú àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì òkè yẹn, fà sẹ́yìn. "Èmi ò ní fi ahọ́n kan nǹkan kan. Orúkọ Jésù ni n ó fi búra."

"Orúkọ tó bá wù ọ́ ni kí o fi búra," Ìyá Àgbẹ̀dẹ dá a lóhùn. "Ìwọ ṣáà máa sá bọ̀ tí o bá gbọ́ igbe mi."

Àwọn méjì tó kù jẹ́ ìyálé àti ìyàwó nínú ilé kan náà. Nílé, wọn kì í kí ara wọn. Lóko, wọn kì í dákẹ́. Àwọn náà fi ahọ́n kàn án. Ìyàwó ọmọ mi ló ṣe é kẹ́yìn, ó sì tutọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ní ó korò.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ó sì dára fún ìgbà díẹ̀. A ro oko Ìyá Àgbẹ̀dẹ. A ro ti ìyálé àti ìyàwó, tó jẹ́ ilẹ̀ kan náà tí wọ́n fi igi pín. Lẹ́yìn náà ó kan oko Ìyá Ìjọ. Tí a bá ti ṣe ìyẹn tán, oko ìyàwó ọmọ mi ló kù.

Oko Ìyá Ìjọ wà ní ìsàlẹ̀ òkè, odò kékeré kan sì ń ṣàn lẹ́yìn rẹ̀ níbi tí ọparun pọ̀ sí. Kò jìnnà. Tí èèyàn bá wà lódò, tí ó bá wúkọ́, a ó gbọ́ ọ lábà. Ọ̀sán ti pọ́n, oko náà kù díẹ̀ kó tán, mo ń se ẹ̀wà, omi inú ìkòkò ń gbẹ. Ìyàwó ọmọ mi gbé kẹ́ẹ̀gì. Ó ní, "Màámi, ẹ má jẹ́ kí iná kú o," ó sì lọ.

Igbe rẹ̀ ni mo gbọ́ lẹ́yìn ìyẹn. "Ẹ gbà mí o!"

Mo fẹ́ kí ọmọ yìí kọ èyí dáadáa. Wọ́n sáré lọ. Mo rí wọn pẹ̀lú ojú mi. Gbogbo wọn ló gbé orí sókè láàárín ebè, wọ́n sì sáré síhà odò. Ìyá Ìjọ ló ṣíwájú, ó ti ká ìró rẹ̀ dé itan, ọkọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń pariwo orúkọ Jésù. Kò sí ẹni tó rò ó wò kó tó sáré.

Ìbọn sì dún. Ẹ̀ẹ̀kan péré. N ò mọ̀ bóyá ojú ọ̀run ni wọ́n yìn ín sí.

Wọ́n dúró bí ẹni tó kọlu ògiri. Wọ́n sì yí padà. Wọ́n gba iwájú mi kọjá, ìyàwó kékeré yẹn tẹ iná mi mọ́lẹ̀ lọ, kò mọ̀ pé iná ni. Kò sí ẹni tó wò mí. Ìyá Ìjọ nìkan ló padà, tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú mi. "Ẹ gùn mí lẹ́yìn, Màmá! Ẹ gùn mí!"

Mo ní, "Ọmọ mi ń bẹ lódò."

Ó wo odò, ó wò mí, ó dìde, ó sáré tẹ̀lé àwọn yòókù.

Èmi jókòó. Àwọn èèyàn sọ lẹ́yìn náà pé mo láyà. Irọ́ ni. Ká ní ẹsẹ̀ mi dá ṣáṣá, n ò mọ ibi tí n bá gbà. Mo jókòó torí pé n ò lè dìde. Ìyàwó ọmọ mi tún ké, lọ́tẹ̀ yìí èmi ló ń pè, "Màámi," bí ìgbà tó bá fẹ́ kí n bá òun mú nǹkan nínú yàrá. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀wà tó ń hó nìkan ni mo ń gbọ́.

Àwọn ọkùnrin àti àwọn ọdẹ dé nígbà tó yá. Kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n bá lódò. Ó kún fún omi, ìyàwó ọmọ mi sì ti dé e. Ọlọ́pàá wá láti Ìjerò, wọ́n bi mí pé mélòó ni wọ́n, irú aṣọ wo ni wọ́n wọ̀. Mo ní n ò rí ẹnì kankan. A gbé fóònù ọkọ rẹ̀ tó ti kú sórí tábìlì, torí nọ́ńbà yẹn ló mọ̀ lórí. Ẹni tó bá jí èèyàn gbé máa ń pè. Gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó pè. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, a ò gbọ́ pé ó kú, a ò gbọ́ pé ó yè. N ò rí òkú sin.

Tíṣà kan wà tó ti fẹ̀yìn tì, tó padà wá kọ́lé síwájú ilé wa. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Nírọ̀lẹ́, á gbé àga rẹ̀ wá, á jókòó tì mí, torí ó mọ̀ pé n ò fẹ́ nìkan wà. Ní ọjọ́ kan mo bi í léèrè. Mo ní, "Tíṣà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé, kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ nípa èèyàn? Irú kí ni wá?"

Ó rò ó díẹ̀. Ó ní àwọn òyìnbó kan tó ti kú tipẹ́ kọ ọ́ pé ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ọba tó wà, kí òfin tó wà, ẹnì kọ̀ọ̀kan ń bẹ̀rù ẹnìkejì, kò sí ẹni tó lè sùn, kò sí ẹni tó lè gbin nǹkan kó jẹ ẹ́. Ìbẹ̀rù yẹn ló mú kí wọ́n jókòó pọ̀, kí wọ́n ṣe àdéhùn. Kálukú fi agbára rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnì kan, pé kí ẹni yẹn máa ṣọ́ gbogbo wọn.

"Níbo ni wọ́n jókòó sí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, wọn ò jókòó níbì kankan. Ẹni tó kọ ọ́ ní ká kàn rò ó bí ẹni pé wọ́n jókòó."

"Àwa jókòó," mo ní. "Iwájú àgbẹ̀dẹ ni. Ìbẹ̀rù ló mú wa jókòó lóòótọ́, ìbẹ̀rù náà ló sì tú wa ká."

Ó wá ní, "Ìwé yẹn náà sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní tí kò bá sí ẹni tó lè fìyà jẹ ẹni tó bá yẹ àdéhùn, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni."

"A fi ahọ́n kan irin, Tíṣà."

"Ṣé irin ti fìyà jẹ wọ́n?"

Kò sí ẹni tó ṣàìsàn nínú wọn. Ìyá Àgbẹ̀dẹ nìkan ló yí padà. Láti ọjọ́ yẹn kò fọwọ́ kan àdá mọ́, kò fọwọ́ kan ọ̀bẹ, àtèyí tó fi ń gé ilá. Igi ló fi ń bẹ ẹ̀gẹ́, ìyàwó alágbẹ̀dẹ! Àwọn ọmọ rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́, ó ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀. Tíṣà ní òmíràn tún wà tó kọ ọ́ pé èèyàn dára tẹ́lẹ̀, pé láti ìgbà tí ẹnì kan ti fi igi pín ilẹ̀, tó ní tèmi nìyí ni nǹkan ti bàjẹ́. Mo ní kó má sọ ìyẹn létí ìyálé àti ìyàwó yẹn.

Ṣùgbọ́n mo ń rò ó lẹ́yìn tó lọ. Ẹsẹ̀ tí wọ́n fi sáré lọ náà ni wọ́n fi sáré padà. Èwo ni kí n sọ pé ó jẹ́ tiwọn nínú méjèèjì?

Oko ìyàwó ọmọ mi wà níbẹ̀, koríko ti bò ó. Òun fúnra rẹ̀ ló gbin gbogbo iṣu yẹn, òun ló fi igi tì wọ́n. Ìgbà wíwa iṣu náà ti dé, ó ti ń kọjá. Mo sì sọ ọ́ nínú mi pé àáró wa ò tíì parí. Ó ṣiṣẹ́ fún gbogbo wọn, ó sì kù kí wọ́n ṣe tirẹ̀. Kì í ṣe torí iṣu nìkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ò ní oúnjẹ mìíràn. Tí wọ́n bá lè lọ sí oko rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ sí ti ara wọn, á jẹ́ pé ó ṣì wà lára wọn. Á jẹ́ pé wọn ò tíì sin ín nínú ọkàn wọn. Ohun tí mo ń wá nìyẹn.

Mo fi ọ̀pá lọ láti ilé dé ilé.

Ìyálé gbé àpótí fún mi. "Màmá, ìbọn ni. A ò bá ìbọn ṣàdéhùn."

"Mi ò bi yín léèrè ìbọn. Ọjọ́ oko ni mo wá gbà."

Ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti inú yàrá, láìjáde. "Ẹni tó ni ọjọ́ ò sí nílé, Màmá."

"Ṣé ó ti kú ni?"

"Ẹnu mi kọ́ lẹ ti gbọ́ ọ o!" Ó jáde wàyí, ó fọwọ́ bo ẹnu. "Ẹnu mi kọ́."

Ìyálé wá ní kò tilẹ̀ sí ọ̀nà, àwọn ọdẹ ti dí i. Òótọ́ ni. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ti ìyàwó ọmọ mi, ìlú ti kó oko lé àwọn ọdẹ lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ òkè láìsí wọn, oko tí wọ́n bá sì ṣọ́, wọn yóò mú nínú ohun tó bá so. Ìlú fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Èmi náà wà níbẹ̀, mo sì ní ó dára.

Mo lọ bá olórí ọdẹ nílé rẹ̀.

"Ìyá, ọ̀nà yẹn ti dí."

"Ta ló dí i?"

"Àwa ni."

"Ẹ̀yin tí a ní kẹ́ ẹ bá wa ṣí i?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹnu mi mú. Ó ní òun yóò fún mi ní ọmọ ọdẹ méjì, ọjọ́ kan péré, ṣùgbọ́n wọn yóò ṣa iṣu tiwọn kí èmi tó ṣa tèmi. Mo gbà. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ìbọn wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Tíṣà, ó mirí. Ó ní ibẹ̀ gan-an ni àwọn tó kọ ìwé ti bá ara wọn jà, lórí ẹni tí yóò di ẹni tí a fún lágbára mú.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Ìyá Ìjọ wá bá mi fúnra rẹ̀. Kò jókòó. Ó ní, "Màmá, a ó wá. Gbogbo wa ti jọ sọ̀rọ̀."

Inú mi dùn débi pé mo sunkún. Mo ní wọn ò gbàgbé rẹ̀. Mo sọ fún ọmọ yìí pé, "Wọ́n ń lọ sí oko ìyá rẹ," ó sì bi mí pé, "Kí ló dé?" Mo bínú sí i.

A lọ. Àwọn ọmọ ọdẹ jókòó sábẹ́ igi, ọ̀kan ń tẹ fóònù. Àwọn obìnrin gé koríko, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wa iṣu. Ẹ̀gbẹ́ kan náà ni oko náà wà pẹ̀lú ti Ìyá Ìjọ, odò kan náà ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ẹni tó kọrin. Wọn ò tò ní ìlà bí a ṣe máa ń tò. Wọ́n kó ẹ̀yìn wọn jọ sáàárín, kálukú kọjú sóde, wọ́n ń wò kí wọ́n tó fi ọkọ́ gbẹ́lẹ̀. Ìyá Àgbẹ̀dẹ kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ àti igi wú iṣu, èékánná rẹ̀ ya. Ìyálé fún un ní ọkọ́. Ó ní òun ò fẹ́.

Omi tí a gbé wá láti ilé tán. Oòrùn mú. Mo ní, "Omi ti tán o," kí n tó ronú ohun tí mo sọ.

Gbogbo wọn wo ọ̀nà odò. Àwọn ọmọ ọdẹ gbọ́, wọn ò dìde. Ọ̀kan ní iṣẹ́ àwọn ni láti ṣọ́ oko, wọn ò ní káwọn wá pọnmi. Ìyá Ìjọ ló gba kẹ́ẹ̀gì. Ó rìn lọ síbi ọparun, ó dúró níbẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wa. Ó pẹ́ níbẹ̀. A ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó padà wá, ó gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó mú ọkọ́ rẹ̀. A sun iṣu, a jẹ ẹ́ ní gbígbẹ, ó ń há wa lọ́fun.

Wọ́n parí iṣẹ́ náà. Wọn ò fi ebè kan sílẹ̀. Mi ò lè sọ pé wọ́n ṣe àbòsí. Àwọn ọmọ ọdẹ dìde, wọ́n ń ṣa iṣu ńlá ńlá sọ́tọ̀. Ìyálé gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára ọkọ́ rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ó ti pé. Àáró yìí ti pé."

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ọpẹ́ o. A ti ń pẹ́ jù. Èwo ló kàn báyìí? Oko ta la fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀?"

"Tèmi," ni Ìyá Àgbẹ̀dẹ wí. "Lẹ́yìn náà tiyín, lẹ́yìn náà ti Ìyá Ìjọ."

Kò ka ti ìyàwó ọmọ mi mọ́ ọn. Ti Ìyá Ìjọ ni wọ́n fi parí rẹ̀.

Ibẹ̀ ló ti yé mi. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n: bí ọjọ́ ẹnì kan bá kù nínú àáró, a kì í bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Gbogbo ìgbà tí oko rẹ̀ fi wà nínú koríko, wọn ò lè ṣe nǹkan kan. Wọn ò lè lọ sí oko ara wọn, wọn ò lè yọ ọ́ kúrò. Ọjọ́ tó kù yẹn ló di àyè rẹ̀ mú láàárín wọn. Kò sí nǹkan mìíràn tó kù fún un láyé. Èmi ni mo fi ọ̀pá lọ láti ilé dé ilé, tí mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá mú un kúrò.

Ìyá Ìjọ rí ojú mi. Ó mọ̀. Mo rò pé ó ti mọ̀ láti ọjọ́ tó wá sílé tí kò jókòó.

Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ ní ká wá."

"Èmi ni," mo ní.

Ó gbé agbọ̀n iṣu tèmi lé orí, ó ń dúró dè mí kí n dìde.